Ẹni Tí Yóò Bú Mélè

Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti kó ọkà jéró wọ abà tán, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ iyanrìn káàkiri abúlé Girẹmárì, Mélè a gbé ẹní rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, a kọjú sí àríwá, a máa retí ẹni tó máa wá bú u.

Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń wọ̀ ọ́ létí nírú àsìkò yẹn. Yágànà ìyàwó rẹ̀ a gbé fùrá, jéró tí wọ́n fi wàrà pò, ka iwájú rẹ̀, fùrá á kan, eṣinṣin á mu tirẹ̀, Mélè ò ní í fọwọ́ kàn án. Tó bá wá di ọjọ́ kan ṣá, eruku á sọ lókèèrè, ìwo màlúù á yọ, ohùn kan tó ń han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo á sì ké láàárín eruku náà pé:

"Mélè! Ẹrú mi! O ṣì wà láyé? Mo ní jéró á ti dì ọ́ nífun pa!"

Inú Mélè á dùn dé gongo, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ fajú ro ná.

"Ta ni olè tó ń pariwo lórí ilẹ̀ bàbá mi yìí? Démbò, ṣé ìwọ lo bí màlúù ni àbí màlúù ló bí ọ? Ojú yín jọra jù!"

Wọn á máa bú ara wọn bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọn á fi dì mọ́ra.

Kànúrí ni Mélè, àgbẹ̀ ni. Fúlàní ni Démbò, darandaran ni. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ sì ni Kànúrí àti Fúlàní ti ń bú ara wọn ní ilẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi, àkùkọ ni yóò fi tu ẹni tó bú u nínú. Àwọn baba ńlá tó dá àṣà náà sílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni méjì tó ń mu omi kànga kan, tí wọ́n ń jẹ lórí ilẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ò ní í ṣaláì wà nínú wọn. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rín sọ ọ́ jáde, kó má baà di egbò sínú. Àwàdà ló bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Màlúù Démbò a sùn lórí oko Mélè, wọn a jẹ pòròpórò jéró, wọn a ya ìgbẹ́ sílẹ̀, ìgbẹ́ yẹn ló sì ń jẹ́ kí iyanrìn Girẹmárì gba irúgbìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí bàbá Mélè kú, kí wọ́n tó gbé òkú dé itẹ́, Démbò ti bẹ́ sínú sàréè, ó nà gbalaja. Ó ní òun ò jáde. Ó ní ẹrú òun ò tíì parí iṣẹ́ tóun gbé fún un, ta ló fún un láyè àtikú? Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi fà á jáde, obì ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́. Mélè tó ti ń sunkún láti òwúrọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé ọ̀fọ̀ lè ṣe èèyàn kó má pa á.

Yágànà wà níbẹ̀. Àtìgbà náà ló ti máa ń sọ fún Démbò pé, "Ìwọ, bí o bá jẹ́ kí wọ́n sin èmi wọ́ọ́rọ́wọ́ láìbú mi, mi ò ní í sùn lọ́run. Màá máa wá gbọn ìrù àwọn màlúù ẹ lóru."

"Ta ló fẹ́ sin ẹ́?" Démbò á dáhùn. "Torí ahọ́n ẹ yìí, ilẹ̀ ò ní í gbà ọ́."

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, ilẹ̀ koríko jóná lókè àríwá, Démbò sì tètè sọ̀ kalẹ̀. Òjò pẹ́ kó tó rọ̀ ní Girẹmárì, ẹ̀wà ṣì tutù lóko nígbà tí eruku màlúù sọ. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú èyí. Ẹ̀bi wà níbòmíràn.

Ọ̀nà màlúù kan gba ẹ̀gbẹ́ oko Mélè kọjá. Òkúta funfun ni wọ́n tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ láti ayé àwọn baba wọn, ó sì fẹ̀ débi pé agbo kan lè kọjá láìsí pé ẹran kankan yọ orí sínú oko. Kólò, ọmọ Mélè, ní ilẹ̀ tirẹ̀ lókè, ṣùgbọ́n òkìtì iyanrìn ti gun orí rẹ̀, ó ti gbé e mì. Ìyàwó rẹ̀ bímọ lé ọmọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Kólò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí òkúta. Ó ṣí wọn díẹ̀ wọnú ọ̀nà, ó gbin ẹ̀wà síbẹ̀. Òjò ọdún kejì, ó tún ṣí wọn. Mélè rí i. Ó wò ó, ó mójú kúrò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé wọn á ti kórè kí màlúù tó dé, ta ló máa mọ̀?

Nítorí náà, nígbà tí Démbò ṣàdédé yọ lọ́jọ́ yẹn, ohun tó yẹ kí Mélè sọ ò ju gbólóhùn kan lọ: "Da màlúù ẹ dúró lọ́hùn-ún ná, ọmọ mi ti gbin ọ̀nà." Ojú tì í. Ó gbé àwàdà bò ó.

"Olóṣì! O ti tètè dé lọ́dún yìí. Àbí àwọn ìyàwó ẹ lé ọ jáde ni?"

"Ebi ló ń pa màlúù mi, ẹrú," ni Démbò wí. Ó jókòó sórí ẹní, ó gba fùrá tó wà níwájú Mélè, ó mu ún tán. "Oko ẹ ni oúnjẹ àárọ̀ wọn lọ́la. Wọ́n ti ń lálàá ẹ̀wà ẹ láti àríwá. Wọn ò ní í ṣẹ́ ewé kan kù."

"Jẹ́ kí wọ́n wá! Abo màlúù ẹ, Sáyè, ni mo fẹ́ fi se ọbẹ̀. Mo ti pọ́n àdá dè é."

"Sáyè? Eyín wo lo fẹ́ fi jẹ ẹ́, arúgbó aláìléyín?"

Yágànà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Kólò tó wà nídìí igi níbi tó ti ń ṣe ọkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Démbò lọ tán, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ń ṣeré. Ẹ̀wà mi wà nílẹ̀ o."

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu," ni Mélè wí. "Màá bá a sọ ọ́ láàárọ̀."

Àárọ̀ tí Mélè ń sọ yẹn, Sáyè ti ṣáájú rẹ̀ jí.

Sáyè ni abo màlúù tó ń ṣíwájú agbo. Ó ti darúgbó, ìwo rẹ̀ kan ti ká bọ̀ sídìí ojú, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà láti àríwá dé odò Kòmádúgù ju àwọn tó ń dà á lọ. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Màlúù ò mọ̀ pé òkúta ti ṣípò. Ibi tí ìyá rẹ̀ gbà lóun náà gbà, agbo tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ Démbò ń kígbe, wọ́n ń súfèé, wọ́n ń ju ọ̀pá síwájú rẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó rìn wọ àárín ẹ̀wà Kólò bí ìyàwó ilé ṣe ń wọ yàrá ara rẹ̀.

Kólò wà lóko. Ohun tó máa fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ títí òjò tún rọ̀ ló ń rí lábẹ́ pátákò yẹn. Ó sáré, ó ń ké, ó ń sunkún, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gé iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Sáyè.

Nígbà tí Mélè dé ibẹ̀, Sáyè ti jókòó sílẹ̀ bí ajá. Ó ń gbìyànjú àtidìde, kò lè dìde. Démbò wà níbi orí rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á níwájú orí, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kólò dúró lókèèrè, àdá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Démbò gbójú sókè, ó rí Mélè.

"O ní wàá fi Sáyè se ọbẹ̀," ó wí. "O mà yára o, ẹrú."

Nínú ohun burúkú yẹn, Démbò na àwàdà sí i kó dì í mú. Ẹsẹ̀ Sáyè ni Mélè ń wò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Démbò máa bú u tí kò ní í fèsì. Démbò dúró dè é díẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò sí èsì, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó dárúkọ Ọlọ́run, ó sì dúńbú Sáyè kó má baà jẹ̀rora mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbé ọ̀pá, wọ́n fẹ́ lọ bá Kólò.

"Ẹ padà!" ni Démbò wí. "Sáyè ti kú. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún wá ka èèyàn mọ́ ọn ni?"

Bùlámà, baálẹ̀ abúlé náà, ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ní ìlú, àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n máa parí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran. Gbogbo ayé mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ. Ẹni tó bá ṣá ẹran lójú ọ̀nà ẹran, ẹ̀wọ̀n ni. Àmọ́ bí darandaran bá mọ̀ọ́mọ̀ da ẹran sóko olóko, òun ni wọn yóò lé lọ, àgbẹ̀ náà á sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìjókòó, Yágànà ń ṣa ẹ̀wà tó ṣẹ́ kù nínú èyí tí wọ́n tẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Bàbá Kólò. Ẹ máa sọ òótọ́ lọ́la?"

"Ọmọ ẹ ni wọ́n fẹ́ mú lọ."

"Mo mọ ẹni tí mo bí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ rọbí ẹ̀. Mo ní, ṣé ẹ máa sọ òótọ́?"

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

"Ẹ gbé òwe kalẹ̀ jàre. Tí Kólò bá lọ sẹ́wọ̀n, á padà wálé lọ́jọ́ kan. Èyí tí ẹ bá bà jẹ́ lọ́la, ta ló máa bá yín tún un ṣe?"

Mélè lọ jókòó sórí ẹní rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó rò ó títí. Ó rí Kólò láàárín àwọn ọ̀daràn ní ìlú, ó rí àwọn ọmọ Kólò tí ebi ń pa, ó sì ní Démbò á dárí jì í, Démbò kì í bínú, àṣà ò jẹ́ kó bínú. Ohun tó fi tan ara rẹ̀ nìyẹn.

Abẹ́ igi dóńgóyárò ni ìgbìmọ̀ jókòó sí. Alága wọn jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń fi aṣọ nu iyanrìn kúrò lójú ṣáá. Àwọn Fúlàní jókòó lápá kan, àwọn ará abúlé lápá kejì. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kan òkúta, torí Bùlámà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀gúsí lójú ọ̀nà náà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Kólò dìde. "Alága, Démbò mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó sọ ọ́ lójú mi, lójú bàbá mi. Ó ní oko wa ni oúnjẹ àárọ̀ màlúù òun. Ó ní wọn ò ní í ṣẹ́ ewé kan kù. Ilẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí."

Àwọn àgbààgbà rẹ́rìn-ín. Arúgbó kan ní, "Kólò, ìyẹn náà lẹjọ́? Bàbá Démbò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún bàbá mi!"

Alága gbọ́wọ́ sókè. Ó yíjú sí Mélè. "Bàbá, èmi náà ní àwọn tí mò ń bú nílé wa. Mo mọ àwàdà. Ìdí tí mo fi ń bi yín nìyí, ẹ̀yin tí wọ́n sọ ọ́ fún: ṣé àwàdà ni?"

Mélè wo Kólò, ó rí ọrùn ọmọ náà tó ti rù. Kò wo Démbò.

"Lọ́jọ́ yẹn," ó wí, "kò jọ àwàdà létí mi."

Ẹ̀rín bú jáde. Démbò ló ń rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ lu itan, ó ń yí sọ́tùn-ún sósì. "Ẹ ò rí ẹrú mi yìí! Níwájú ìjọba pàápàá! Mélè, o pa mí! O pa mí lónìí!" Ó gbà pé Mélè ń bá òun ṣeré ni. Àwàdà tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ọdún wọn ló pè é. Ó wo ọ̀tún wo òsì kó rí ẹni tí yóò bá òun rẹ́rìn-ín. Kò rí ẹnì kan. Ó wo Mélè, ilẹ̀ ni Mélè ń wò. Ẹ̀rín náà ò sì tètè tán lẹ́nu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń kú lọ, títí ó fi ku eyín nìkan níta.

"Mélè?" ó wí.

Kò fi ẹrú kún un. Ó pe orúkọ náà lásán.

"Ṣé ẹ ní nǹkan kan láti sọ sí i?" ni alága bi í.

Démbò ní nǹkan. Gbogbo ẹni tó wà nílé Mélè lọ́jọ́ yẹn mọ̀ pé ó ní in. Ó ku kó sọ pé Mélè náà ní òun ti pọ́n àdá de Sáyè, bàbá àti ọmọ ì bá sì jọ wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá. Mélè ń retí rẹ̀.

"Rárá," ni Démbò wí. "A kì í fi àwàdà jẹ́rìí, alága."

Wọ́n ní kí Démbò kó ẹran rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ Girẹmárì, kó máa gba ẹ̀yìn àwọn òkìtì iyanrìn lọ sí odò, níbi tí kò sí kànga. Ọ̀nà màlúù, wọ́n tì í pa títí ìgbìmọ̀ á fi padà wá wọn ilẹ̀. Wọn ò padà wá. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Yágànà gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀. "Ẹ ti gba ọmọ yín là," ó wí. "Ẹ kú iṣẹ́." Láti ìgbà náà, bí Mélè bá bi í léèrè, á dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín nínú ilé náà mọ́.

Nígbà tí òjò dé, gbogbo ọ̀nà náà ni Kólò gbìn pátá, àwọn yòókù sì gbin tiwọn. Jéró yọ, ó ga dé orúnkún, ó dúró. Kò sí ìgbẹ́ màlúù nínú iyanrìn, kí ni jéró fẹ́ jẹ? Ewé rẹ̀ pọ́n, orí rẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ lọ. Níbi kànga, ọmọkùnrin kan láti Girẹmárì rí Fúlàní ẹgbẹ́ rẹ̀, ó pè é ní olè, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń pe bàbá onítọ̀hún. Ọ̀pá ni Fúlàní náà fi dá a lóhùn. Wọ́n gbé ọmọ náà wálé pẹ̀lú orí fífọ́, títí dòní kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́.

Kólò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ lóko lọ́jọ́ kan, ó ń fẹsẹ̀ tu iyanrìn.

"Bàbá, tí a bá ránṣẹ́ sí Démbò ńkọ́? Kó wá da màlúù sùn síbí bíi tàtijọ́. Ọ̀rẹ́ yín ṣáà ni."

Mélè wò ó. Ó fẹ́ gbá a létí. Ó fẹ́ dì mọ́ ọn kó sunkún. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Kí wọ́n tó kórè ìwọ̀nba tó wà, ibà dá Yágànà dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó ti rù tẹ́lẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ló ń bù fún àwọn ọmọ Kólò. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn tó yé èèyàn ni pé, "Ṣé eruku ti sọ?"

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wé e, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e jáde nígbà tí ẹnì kan ní, "Démbò ló ń bọ̀ yẹn." Mélè sáré jáde láìwọ bàtà. Òun ni lóòótọ́. Ó ti gbọ́ lọ́nà odò, òun nìkan ló sì wá. Àwọn tó ru òkú dúró, wọ́n ń wo ẹnu Démbò. Àwọn àgbààgbà ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀, wọ́n ń wá obì lápò. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí wọ́n yà lẹ́nu sàréè kí Démbò lè ráyè bẹ́ sínú rẹ̀.

Démbò bọ́ bàtà rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn, ó tò mọ́ àwọn tó ń kírun. Ó kírun sí Yágànà lára, ó bá wọn da iyanrìn bò ó. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n sin ín.

Lẹ́yìn náà ló wá bá Mélè. Ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì di tirẹ̀ mú.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Bàbá Kólò," ó wí. "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ yín sí."

"Démbò. Olè. Amuwàrà," ni Mélè wí. "Ọmọ màlúù. Ojú ẹ burú bíi ti ìyá ẹ."

"Àmín, bàbá," ni Démbò wí.

"Bú mi." Mélè ò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ní tó ò bá bú òun, òun ò ní í sùn. Bú u, tó ò bá fẹ́ bú mi. Mo bẹ̀ ọ́. Ẹyọ kan péré."

Démbò rọra yọ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá," ó wí. "Mi ò mọ̀ yín débẹ̀."

Ó wọ bàtà rẹ̀. Ọ̀nà tó sún mọ́ ọn jù ni ọ̀nà màlúù àtijọ́, ṣùgbọ́n jéró Kólò wà lórí rẹ̀, kéékèèké, pípọ́n. Démbò yà, ó yípo gbogbo oko náà, kò sì tẹ ẹyọ igi jéró kan.